Àdán, Irin àti Òkè Nimba: Bí a ṣe ń díwọ̀n ohun tí iṣẹ́ ìwakùsà yóò fi ojú ẹ̀dá tó ṣọ̀wọ́n rí

Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ nípa àdán wọ inú àwọn ihò kan tí àwọn awakùsà ti gbẹ́ sí ara òkè Nimba ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń wò ó bóyá irin ibẹ̀ pọ̀. Àdán kan tí ń jẹ́ Hipposideros lamottei ni wọ́n bá lọ. Òkè Nimba nìkan ni a mọ àdán yìí sí ní gbogbo ayé. Ibi tí wọ́n ti ń wá a ni òmíràn ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́: irun ara rẹ̀ pọ́n bí èèpo ọsàn, awọ ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, kò sì sí nínú ìwé kankan. January 2021 ni wọ́n tó kéde rẹ̀ fún aráyé, wọ́n sọ ọ́ ní Myotis nimbaensis.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́ mọ́ra. Awakùsà ló gbẹ́ ihò, àdán sọ ihò di ilé, awakùsà tún fẹ́ padà wá. Ká ní ìwé àyẹ̀wò àyíká kan ti kọ ọ́ ní 2017 pé “àdán díẹ̀ wà nínú àwọn ihò àtijọ́, irú tó wọ́pọ̀ ni wọ́n,” ta ni ì bá mọ̀ pé irọ́ ni? Ẹni tí ilé-iṣẹ́ gbà láti ṣe àyẹ̀wò ni mo ń kọ èyí fún, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò ka àbọ̀ rẹ̀, àti ará ìlú tí wọ́n gbé ìwé bí òkúta bíríkì síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i.

1. Ẹ ka ilẹ̀ àti òfin kí ẹ tó ka àdán

Òkè Nimba nà wọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta: Guinea, Làìbéríà àti Côte d'Ivoire. Góńgó rẹ̀ ga tó mítà 1,752. UNESCO kọ apá Guinea mọ́ ogún àgbáyé ní 1981, apá Côte d'Ivoire tẹ̀ lé e ní 1982. Láti 1992 ló ti wà lára àwọn ogún tí ewu ń wu, nítorí ètò ìwakùsà irin àti ọ̀pọ̀ èèyàn tí ogun lé wá sí agbègbè náà. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wa irin sí ní Guinea kò sí nínú ààlà ogún náà. Wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀, bí ẹni yọ yàrá kan fún àlejò láàárín agbo ilé.

Àdán kò mọ ìlà orí máàpù. Èyí tó sùn nínú ogún àgbáyé lọ́sàn-án lè lọ jẹun lálẹ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ fọ́ òkúta. Nítorí náà, ẹ má gbà kí ààlà ìwé àṣẹ ìwakùsà di ààlà ìwádìí yín. Ẹ ya gbogbo nǹkan sórí máàpù kan ṣoṣo: kòtò irin, òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n máa dà nù, ibi tí wọ́n á ti máa lọ òkúta, ọ̀nà, reluwé, ibùdó òṣìṣẹ́, orísun omi. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fẹ máàpù náà dé ibi tí àdán lè fò dé lóru kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì wọn ìyẹn fún irú àdán tí ẹ ń bá ṣe, ẹ so rédíò kékeré mọ́ díẹ̀ lára wọn kí ẹ sì tẹ̀ lé wọn. Ìwúwo rédíò kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 ìwúwo ẹran náà. Àdán tó wúwo tó gíráàmù 10 kò lè gbé ju ìlàjì gíráàmù lọ.

Ní ti òfin, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 ló ń darí iṣẹ́ báyìí, òfin ìwakùsà ti 2007 sì fi kún un pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ ńlá a máa yá owó, ẹni tó bá sì yá ni lówó a máa sọ bí a ó ṣe ná an. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ báńkì ń tẹ̀ lé ni ti IFC, ìyẹn apá báńkì àgbáyé tó ń yá ilé-iṣẹ́ aládàáni lówó. Performance Standard 6 ti 2012, ìyẹn ìlànà kẹfà wọn, tó dá lórí ìdáàbòbò ẹ̀dá abẹ̀mí, ni ẹ ó kà. Mo máa padà sí i nígbà tí a bá dé orí kíka iye.

2. Ẹ dáàbò bo ara yín, kí ẹ sì dáàbò bo àdán lọ́wọ́ yín

Ní 1956, ara àdán ajèso ní Lagos Island ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi. Títí dòní Lagos bat virus ni wọ́n ń pè é. Guinea ni àjàkálẹ̀ Ebola ńlá ti 2014 ti bẹ̀rẹ̀, ní agbègbè Guéckédou, níbi tí àrùn Marburg tún ti yọjú ní August 2021. Inú Guinea onígbó kan náà tí Nimba wà ni Guéckédou wà. Kò sí ìdí láti fi èyí dẹ́rù ba ará ìlú kí wọ́n má baà lọ sun ihò níná. Kí òṣìṣẹ́ yín gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kó tó wọ ihò, kó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, kó má sì jẹun níbi iṣẹ́. Bí àdán bá gé e jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwa náà lè kó àrùn ran àdán. Ẹ fọ bàtà, àwọ̀n àti àpò kí ẹ tó kúrò ní ihò kan lọ sí òmíràn. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe, kó dúró sí ilé.

3. Ẹ bi àwọn ọdẹ

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí, tí wọ́n sì ń fi owó gọbọi wá ohun tí ọmọ ọdún 15 ní abúlé ibẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń ṣọdẹ lórí òkè mọ ihò tí àdán ń jáde láti inú rẹ̀ bí èéfín ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ bi àgbà tó bá wọn ṣiṣẹ́ awakùsà nígbà kan. Òun ló mọ ibi tí wọ́n gbẹ́ tí igbó ti bò. Ẹ bi àwọn obìnrin tó ń pọn omi ní ẹsẹ̀ òkè nípa ìsun tó máa ń gbẹ àti èyí tí kì í gbẹ, nítorí omi máa wọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú. Ẹ sanwó fún ẹni tó bá mú yín lọ, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú àbọ̀ bí ó bá fẹ́.

4. Ẹ wá ibi tí wọ́n ń sùn

Bí àyè yín bá gba ohun kan ṣoṣo, ẹ ṣe èyí. Àdán inú ihò kì í sùn níbi tó bá rí. Ihò gbọ́dọ̀ gbóná tàbí tutù níwọ̀n tó fẹ́, ọ̀rinrin rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó kí awọ ìyẹ́ má baà gbẹ, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ má sì yí padà lójijì. Lórí òkè odidi, ó lè jẹ́ ihò méjì tàbí mẹ́ta péré ló pé. Nítorí náà ni ihò kan fi lè jẹ́ ìlàjì ìran ẹ̀dá kan.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fẹsẹ̀ wá ihò, nítorí koríko ti gbẹ, ojú sì ń ríran jìnnà. Ẹ wo ìgbẹ́ ní ilẹ̀, ìyẹ́ kòkòrò tí wọ́n jẹ kù, àmì dúdú lára òkúta níbi tí wọ́n ti ń so rọ̀ láti ọdún dé ọdún. Imú náà yóò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ihò àdán rí kò ní gbàgbé òórùn náà. Ihò tí ènìyàn gbẹ́ àti ihò tí Ọlọ́run dá, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́gbọọgba. Mo ti ń gbọ́ àwáwí pé “ihò yẹn kì í ṣe ti ìṣẹ̀dá” láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì ní ìtumọ̀ kankan lójú ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin sílẹ̀ nínú ihò kọ̀ọ̀kan fún odidi ọdún kan. Owó rẹ̀ kò pọ̀, òun sì ni ẹ ó fi mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la bóyá iṣẹ́ ti ba ihò jẹ́. Láti ka iye, ẹ má wọlé lọ tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. Ẹ jókòó síta ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀, ẹ gbé kámẹ́rà tí ń ríran nínú òkùnkùn kalẹ̀, kí ẹ ka iye tó jáde, kí ẹ yọ iye tó padà wọlé kúrò. Ènìyàn méjì ni kó wo fídíò kan náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mọ iṣẹ́ tí ihò kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ọ̀kan lè jẹ́ ibi ìsinmi lóru, òmíràn ibi oorun ọ̀sán, òmíràn ihò ìyá ọlọ́mọ. Àdán kì í bí bí eku. Ọ̀pọ̀ wọn kì í bí ju ọmọ kan ṣoṣo lọ lọ́dún, ọmọ náà kì í sì lè fò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ihò ìyá ọlọ́mọ tó bá bàjẹ́ lásìkò yẹn ti gba ọmọ odidi ọdún kan lọ. Nítorí náà, ihò kan kò ní kúrò nínú àyẹ̀wò yín títí ẹ ó fi bẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ẹ̀rùn, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní àárín òjò. Ọdún méjì dára ju ọ̀kan lọ. Ilé-iṣẹ́ yóò sọ pé àkókò kò sí. Ẹ kọ ọ́ sínú àbọ̀ pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

5. Àwọ̀n, pàkúté àti ẹ̀rọ ohùn

Àwọ̀n tín-ín-rín tí a ń ta sí ojú ọ̀nà igbó àti orí odò máa ń mú àdán ajèso dáadáa, ṣùgbọ́n àdán bíi Hipposideros a máa fi ohùn rẹ̀ rí àwọ̀n, a sì yà á. Pàkúté tó ní okùn tín-ín-rín tó dúró lóròó bí okùn háàpù, tó ní àpò nísàlẹ̀, ló dára jù lẹ́nu ihò. Ẹ má fi dí ẹnu ihò tán. Ẹ máa yẹ àwọ̀n wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Olóyún àti abiyamọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ń gba ohùn àdán ti di nǹkan olówó pọ́ọ́kú, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń rò pé òun nìkan tó. Kò tó. Etí ènìyàn kì í gbọ́ kọjá kHz 20 (kHz ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó). Ohùn àwọn Hipposideros kéékèèké ilẹ̀ wa lé ní 100. Ohùn tó ga tó bẹ́ẹ̀ kì í rìn jìnnà: mítà díẹ̀, afẹ́fẹ́ ti gbé e mì. Àdán lè gba ẹ̀yìn igi kejì kọjá kí ẹ̀rọ yín má gbọ́ nǹkan kan. Ìṣòro kan tún wà tó rọrùn láti fojú fò: ẹ̀rọ kì í lè gba ohùn tó ga ju ìlàjì iye ìgbà tí a ṣètò rẹ̀ láti wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. AudioMoth, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ohùn wọ̀nyí, tí a ṣètò sí kHz 384 yóò gba ohùn dé 192. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣètò rẹ̀ sí 192 kí báńtìrì lè pẹ́, 96 ni yóò dé, gbogbo Hipposideros tó lé ní 100 á sì pòórá kúrò nínú àkọsílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò nínú àbọ̀ ẹlòmíràn nìyí.

Ìṣirò kékeré kan tún wà. Ká ní àdán kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, tí àǹfààní pé ẹ ó rí i lóru kan sì jẹ́ 20 nínú 100. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ fún òru mẹ́ta, àǹfààní pé ẹ kò ní rí i rárá ṣì jẹ́ nǹkan bí 51 nínú 100. Òru mẹ́wàá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 11. Òru mẹ́rìnlá, ó kù díẹ̀ kó tó 5. Nítorí náà, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru mẹ́ta tó sì kọ “kò sí” kò yàtọ̀ sí ẹni tó ju owó ẹyọ sókè láti fi mọ̀ bóyá àdán wà.

6. Ta ni èyí?

Bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Níbi ẹbọ, ó lè gbà. Níbi tiwa yìí, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń wọlé. Hipposideros lamottei fara jọ Hipposideros ruber, tó wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, débi pé ojú lásán lè tan onímọ̀. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan ní orúkọ èkejì ti sọ ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun tó le jù lọ, gẹ́gẹ́ bí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ṣe kà á, di ẹran igbó lásán.

Ẹ wọn eegun apá, ẹ wọn ìwúwo, ẹ ya fọ́tò imú àti etí, ẹ gba ohùn rẹ̀ bó ṣe ń fò lọ. Ẹ gé awọ bíńtín, nǹkan bíi mìlímítà 3, lára ìyẹ́ fún àyẹ̀wò DNA; ojú ibẹ̀ a máa san. Ẹ má pa á bí kò bá sí ìdí àti àṣẹ. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ kọ “a kò mọ̀,” kí ẹ sì ṣe é bí ẹni tó ṣọ̀wọ́n títí DNA yóò fi dé.

7. Mélòó nínú mélòó?

Ibí ni Performance Standard 6 ti wúlò. Ìwé àlàyé rẹ̀ sọ pé bí ibì kan bá ní ó kéré tán ẹyọ 1 nínú 200 iye irú ẹ̀dá kan tó wà nínú ewu ńlá ní gbogbo ayé, tí ó sì ní ó kéré tán ìdílé márùn-ún tó ń bímọ, ibùgbé tó ṣe kókó ni. Fún ẹ̀dá tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré, ìdá 10 nínú 100 àti ìdílé mẹ́wàá ni òdiwọ̀n. Ẹ̀dá tó jẹ́ pé òkè kan ṣoṣo ló ní, kò sí àríyànjiyàn. Ihò kékeré pàápàá lè kọjá òdiwọ̀n yìí. Bó bá sì ti kọjá, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí ibòmíràn tó lè ṣiṣẹ́ náà sí, pé iye ẹ̀dá náà kò ní dín kù, àti pé yóò pọ̀ sí i nígbẹ̀yìn. Ìwé àlàyé náà sì sọ ọ́ pé bí iṣẹ́ bá wà nínú ogún àgbáyé UNESCO, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fẹ́ fi owó sí i rárá.

8. Ọ̀nà tí ìpalára ń gbà

Wíwó ihò ni gbogbo ènìyàn ń rí. Àwọn tó kù ló ń yọ́ wọlé.

Ìmìtìtì láti inú fífọ́ òkúta: ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ihò fúnra rẹ̀. Òdiwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ máa ń mú wá, ògiri ilé ni wọ́n ṣe é fún, kí ó má baà sán; kò sọ nǹkan kan nípa ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní orí kodò. Òkúta irin tó ti wú lè ya lulẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí wọ́n sì ní òjò ló fà á.

Omi ni mo ka sí èyí tó ń sá pamọ́ jù. Bí kòtò bá jìn, wọ́n á máa fa omi jáde kí ó má baà kún. Omi abẹ́ ilẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ìsun tó ń mú ihò rin á gbẹ, ihò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn á di ihò gbígbẹ. Àdán á kó lọ, ihò á dúró pẹrẹgẹdẹ, àbọ̀ á sì sọ pé wọn kò ba ihò kankan jẹ́. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ọ̀rinrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wé àkọsílẹ̀ omi tí wọ́n fà.

Iná alẹ́ máa ń lé àwọn kan sá, ó sì ń kó kòkòrò jọ fún àwọn mìíràn. Ariwo ẹ̀rọ a máa dí àdán tó ń fi etí gbọ́ ìrìn kòkòrò lórí ewé lọ́wọ́. Wọ́n ti fi èyí hàn ní Jámánì pẹ̀lú ariwo ọkọ̀. Ọ̀nà tuntun a máa mú ọdẹ àti agégi wọ ibi tí wọn kò lè dé tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ sì wo òdìkejì òkè. Láti 1963 di òpin àwọn ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ LAMCO fi wa irin ní apá Làìbéríà, ArcelorMittal sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin jáde níbẹ̀ ní 2011. Àyẹ̀wò tó bá ka tirẹ̀ nìkan, bí ẹni pé òkè náà jẹ́ mímọ́ láti òní, ti fo ọ̀pọ̀ ìtàn.

9. Yẹra, dín kù, túnṣe, lẹ́yìn náà gbà-máà-bínú

Ìtò yìí ni kókó, kò ṣeé dà rú. Ṣé wọ́n lè yí ààlà kòtò padà kí ihò kù? Ṣé òkìtì ilẹ̀ lè lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì? Ìgbà tí ìyàwòrán iṣẹ́ ṣì wà lórí tábìlì ni ìbéèrè wọ̀nyí ń ná owó díẹ̀.

Bí ihò bá gbọ́dọ̀ lọ, ẹ má tì í mọ́ àdán nínú. Lẹ́yìn ìgbà tí ọmọ bá ti fò, ẹ ta aṣọ tó ń gbà wọ́n láyè láti jáde tí kì í gbà wọ́n láyè láti padà, fún òru púpọ̀, kí ẹ sì fi kámẹ́rà wo gbogbo kọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Níbi tí ihò yóò kù ṣùgbọ́n tí ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ̀, ilẹ̀kùn onírin tí ọ̀pá rẹ̀ dùbúlẹ̀, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14.6, ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo irú àdán ló ń gbà á. Ẹ kọ́kọ́ fi páìpù oníke dán an wò fún oṣù díẹ̀, kí ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní Nimba, Bat Conservation International, àjọ tó ń dáàbò bo àdán, àti ilé-iṣẹ́ irin SMFG jọ dáwọ́ lé gbígbẹ́ ihò tuntun tó lágbára, jìnnà sí ibi iṣẹ́, nítorí pé àwọn àtijọ́ ti ń wó. Mo gbóríyìn fún èrò náà. Síbẹ̀, ihò tuntun jẹ́ ìlérí títí àdán fi bímọ sínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àṣẹ pé ihò àtijọ́ kò ní kúrò títí irú àdán kan náà yóò fi tọ́ ọmọ dàgbà nínú èyí tuntun, ó kéré tán ọdún méjì tẹ̀ léra. Ẹni tó bá ní òun á dáàbò bo igbó níbòmíràn, níbi tí àdán mìíràn wà, ti tún padà sí òòbẹ̀ àná.

10. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i

Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ṣáájú: bí iye tó ń jáde láti ihò yìí bá sọ̀ kalẹ̀ tó báyìí, bí ọ̀rinrin bá dín tó báyìí, fífọ́ òkúta dúró. “A ó gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ” kì í ṣe nọ́ńbà. Kí owó àbójútó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́, kí ó má baà tán lọ́dún tí iye irin bá já lulẹ̀ lọ́jà. Ẹ kọ orúkọ ipò ẹni tó ní àṣẹ láti sọ pé “ẹ dúró,” ní òru, láìpe olú ilé-iṣẹ́.

Àbọ̀ gbọ́dọ̀ jáde fún ará ìlú, ní èdè tí wọ́n ń sọ. Ojú ibi tí ihò wà gan-an ni kí ẹ yọ kúrò nínú èyí tó máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọdẹ àti alárìnká má baà dé ibẹ̀ ṣáájú àwọn tó ń ṣọ́ ọ.